Niger kúrò ní ECOWAS: kí ló kan ọjà Mile 12?

Bẹ́ ẹ bá ń gbé Ìṣẹrì Olówóra, tó jẹ́ Mile 12 lẹ ti ń rajà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Niger wà lára ibi tí ẹ̀wà àti àlùbọ́sà ti ń wọ Nàìjíríà.

Èkó wa níbí ni wọ́n ti dá ECOWAS sílẹ̀ ní 28 oṣù Karùn-ún, 1975. Ní 29 oṣù Kìíní, 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso jáde. (Mauritania ti jáde ṣáájú wọn ní 2000, ariwo ò tiẹ̀ pọ̀ tó báyìí.)

Inú ń bí àwọn oníṣòwò, àmọ́ ìjádé yẹn kọ́ ló kọ́kọ́ dùn wọ́n. Nígbà tí àwọn ṣọ́jà gbàjọba ní Niger ní oṣù Keje 2023, ECOWAS ní kí wọ́n ti ẹnubodè, Nàìjíríà sì gé iná mọ̀nàmọ́ná tó ń fún wọn. Tírélà ẹlẹ́rù wá tò sójú kan. Oṣù Kẹta 2024 ni Ààrẹ Tinubu tó ní kí wọ́n ṣí i. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kéde láti oṣù Kìíní pé àwọn ń lọ. Ẹ ò rí i pé ẹ̀pa ò bóró mọ́!

Ní báyìí, ECOWAS ní ká ṣì máa gba pásípọ́ọ̀tù àti ọjà wọn bíi ti tẹ́lẹ̀, títí a ó fi gbọ́ òmíràn. Ní tiwọn, láti oṣù Kẹta 2025 ni wọ́n ti bu owó orí 0.5% lé ọjà tó ń wọ ọ̀dọ̀ wọn, tiwa náà wà níbẹ̀.