Àṣírí Aláìsàn, Láti Ìdí Ọ̀pẹ̀lẹ̀ Dé Ìdí Fáìlì

Àgbábù etí odò Olúwà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó, Àgbábù ọlọ́dà dúdú, ìlú tí ọ̀dà inú ilẹ̀ rẹ̀ ti mú kí òyìnbó wá gbẹ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kò yàtọ̀ sí ìlú Yorùbá yòókù nínú ohun kan: bí ara ènìyàn kò bá yá, kì í ṣe gbogbo ojú ni í rí i, kì í sì í ṣe gbogbo etí ni í gbọ́ ọ. Àwọn àgbà ní asọ̀rọ̀kẹ́lẹ́ bojú wo igbẹ́, igbẹ́ kì í rò, ẹni tí a bá sọ ọ́ fún ní í ṣe ikú pani. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà fún àwọn tí ń wí pé dókítà òyìnbó ló kọ́ wa ní pípa àṣírí aláìsàn mọ́.

Ẹ wo ilé babaláwo, níbi tí àwọn baba wa ti ń tọrọ ìlera. Ẹni tí àìsàn ń bá fínra, tàbí obìnrin tí ń wá ọmọ, kì í kọ́kọ́ ro ẹjọ́ rẹ̀ fún awo. Owó ni yóò mú, owó ẹyọ láyé àtijọ́, kọ́bọ̀ tàbí náírà lẹ́yìn náà, yóò gbé e súnmọ́ ẹnu, yóò sọ ohun tí ń dùn ún sí i wúyẹ́wúyẹ́, yóò sì gbé e lé ọ̀pẹ̀lẹ̀. Babaláwo yóò ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, yóò wo odù tó hù, yóò sì máa ki ẹsẹ Ifá lọ, títí ẹni tó wá dáfá yóò fi gbọ́ èyí tó bá ọ̀ràn tirẹ̀ mu. Bí ó bá wù ú ni yóò là á fún awo. Bí ìbéèrè bá tún kù, a ó fi ìbò lé e lọ́wọ́, yóò di ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ àtẹ́lẹwọ́, babaláwo kò sì ní mọ èyí tó wà nínú ọwọ́ wo. Ọgbọ́n ńlá ni èyí: ọ̀rọ̀ aláìsàn kò kúrò lọ́wọ́ aláìsàn.

Ṣùgbọ́n àṣírí ní ààlà. Nígbà tí ilẹ̀ gbígbóná, àrùn ṣọ̀pọ̀ná, ń pa ènìyàn, àwọn olùbọ Ṣọ̀pọ̀ná fi awo bo ohun tí wọ́n mọ̀, wọ́n sì ń kó ẹrù òkú lọ. Dókítà Ọ̀gúntọ́lá Ṣàpárà, akọni tó wọ inú ẹgbẹ́ wọn lọ wádìí, ló tú u síta, tí ìjọba fi fi òfin de ìbọ náà ní 1917.

Níbi gbígba àṣẹ lẹ́nu aláìsàn gan-an ni àṣà wa ti kù díẹ̀ káàtó. Ọkọ, baálé àti ẹbí ni í pinnu. Ìyàwó tó dùbúlẹ̀ nínú yàrá ń gbọ́ ìpinnu náà láti ẹ̀yìn ògiri. Ọ̀ràn àṣẹ aláìsàn yìí ti dé ilé-ẹjọ́. Ní 1991, obìnrin ọmọ ọdún 29 kan, Ẹlẹ́rìí Jèhófà, kọ̀ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí òun lára, ó sì kú. Ìgbìmọ̀ tí ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn dókítà dá dókítà tó bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́bi, ṣùgbọ́n ní 2001 Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wí pé àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ dá lè kọ ìtọ́jú. Ní Èkó, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ nọ́ọ̀sì kan wò fún kòkòrò HIV ní 1995 láìsọ fún un, wọ́n sì lé e kúrò níṣẹ́. Ọdún 2012 ni ilé-ẹjọ́ tó dá a láre, tó ní kí wọ́n san mílíọ̀nù méje náírà fún un. Ọdún mẹ́tàdínlógún! Ìyẹn pẹ́ jù.

Òfin ìlera ti 2014 wá pàṣẹ pé kí a ṣàlàyé àìsàn àti ìtọ́jú fún aláìsàn ní èdè tó gbọ́, kí a sì pa àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́, àyàfi bí òun fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ sí i, bí ilé-ẹjọ́ bá pàṣẹ, tàbí bí ìlera ará ìlú bá wà nínú ewu. Pípa àṣírí mọ́ yìí jọ ohun tí Ifá ti ń ṣe.

Ẹ̀yin tí ń pe káàdì ní ilé ìwòsàn ní Àgbábù àti ní Ọ̀rẹ̀, Ìdòwú pọ̀ nílùú: ẹ bi olúkúlùkù ní orúkọ bàbá rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ kí ẹ tó fún un lóògùn, ẹ má sì pe orúkọ àrùn rẹ̀ pọ̀ mọ́ orúkọ rẹ̀ níwájú èrò. Ẹ̀yin aláìsàn, kí abẹ́rẹ́ tó wọlé, ẹ bèèrè ohun tó wà fún. Òfin wà lẹ́yìn yín.