Ẹ̀fúùfù tí Ń Ṣíwájú Òjò, àti Àwọn Ọkọ̀ Òfúrufú tí Ó Bì Ṣubú

Kò sí ọmọ Yorùbá kan, ìbáà ṣe ará oko tàbí ará ìlú, tí kò mọ ẹ̀fúùfù tí ń ṣíwájú òjò. Ojú ọ̀run a ṣú dẹ̀dẹ̀, ooru a mú bí ẹni pé a dé ìkòkò mọ́ wa lórí, lẹ́yìn náà atẹ́gùn tútù kan a ṣàdédé fẹ́ láti abẹ́ òjò náà wá. Àwọn ìyá a sáré ká aṣọ, páànù orí ilé a máa ró gbàgàgbàgà, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, a ó bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn baba wa sọ pé Ọya ni ó ń ṣíwájú ọkọ rẹ̀, Ṣàngó. Èmi kò wá bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn níhìn-ín. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ ni bí ó ti pẹ́ tó kí àwọn tí ń wa ọkọ̀ òfúrufú àti àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ tó mọ ohun tí ẹ̀fúùfù yìí lè ṣe, àti bí ẹ̀mí ènìyàn ti ṣòfò tó kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n.

Kánò ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ òfúrufú ti kọ́kọ́ balẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1925, nígbà tí àwọn ọmọ ogun òfúrufú Gẹ̀ẹ́sì fò wá láti Íjíbítì. Nígbà tí ogun Hitler fi parí, Kánò ti di oríta ńlá. Ẹni tí kò bá bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ́nù, Kánò ni ọkọ̀ rẹ̀ yóò ti gba epo kí ó tó dojú kọ aṣálẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1956, ọkọ̀ Argonaut kan ti ilé iṣẹ́ BOAC gbéra ní Kánò, ó ń lọ sí Trípólì àti Lọ́ńdọ́nù. Ènìyàn 45 ni ó wà nínú rẹ̀. Òjò wà ní àyíká, ṣùgbọ́n awakọ̀ kò rí ohun tí ó burú ní ọ̀nà tí ó fẹ́ gbà. Ó ti ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 250 nígbà tí ẹ̀fúùfù yí padà lójijì, òjò ńlá bò ó, ọkọ̀ náà kò lè gòkè mọ́, ó ń sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi kọlu igi. Ènìyàn 32 kú.

Àwọn tí ó ṣe ìwádìí ọ̀ràn náà kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Wọ́n ní ìjì kékeré kan ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kóra jọ níwájú ọkọ̀ náà. Ẹni tí ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ní Kánò kò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé yóò wà níbẹ̀, awakọ̀ pẹ̀lú kò sì lè rí i kí ó tó gbéra. Òtítọ́ ni wọ́n sọ, gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ ìgbà náà ti mọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ahọ́n tiwa túmọ̀ ìdájọ́ náà, kò yàtọ̀ sí èyí tí àwọn àgbà máa ń wí, pé òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí ni eji ń pa. Èmi kì í ṣe ẹni tí ń tako àgbà, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé òwe yìí ti jẹ́ kí a tètè dákẹ́ lórí ọ̀ràn tí ó yẹ kí a ṣì máa bèèrè.

Ẹni tí kò dákẹ́ ni ọmọ ilẹ̀ Jàpáánì kan, Tetsuya Fujita. Ìtàn ọkùnrin yìí yà mí lẹ́nu púpọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1945 ó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní àgbègbè Kokura. Kokura gan-an ni àwọn ará Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fẹ́ ju bọ́ǹbù átọ́míìkì kejì sí ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà. Ọkọ̀ wọn yí po lórí ìlú náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ìkùukùu àti èéfín kò jẹ́ kí wọ́n rí ilẹ̀, ni wọ́n bá kọjá lọ sí Nagasaki. Ojú ọjọ́ tí kò dára ni ó yọ Fujita. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ó lọ sí Nagasaki àti Hiroshima láti wo ohun tí bọ́ǹbù ṣe. Ó wo ojú iná lára àwọn ọpọ́n tí a fi ọparun ṣe, èyí tí wọ́n ń fi òdòdó sí ní itẹ́ òkú, láti fi ṣírò bí bọ́ǹbù náà ti ga tó nígbà tí ó bú. Ó tún rí i pé àwọn igi tí ó wà ní abẹ́ rẹ̀ gan-an ṣì wà ní òró, ṣùgbọ́n àwọn tí ó yí wọn ká ti wó lulẹ̀, wọ́n na orí síta sí gbogbo ìhà bí ìtànṣán oòrùn.

Ní ọdún 1953 ó lọ sí Yunifásítì Chicago. Nígbà tí ìjì ńlá jà ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ní oṣù kẹrin ọdún 1974, ó wọ ọkọ̀ òfúrufú láti lọ wo ibi tí ó bàjẹ́, ó sì rí igi igbó ní West Virginia tí wọ́n wó síta láti ojú kan, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí i ní Nagasaki. Ìjì tí ń yí bírípó kì í wó igi báyìí. Ohun kan ti já bọ́ láti òkè, ó kan ilẹ̀, ó sì tú ká.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé rẹ̀ bí ó ti yé mi. Bí òjò bá ń bọ̀ láti inú ìkùukùu ńlá, ó ń wọ́ afẹ́fẹ́ bọ̀. Díẹ̀ nínú omi náà a gbẹ kí ó tó dé ilẹ̀, gbígbẹ náà a sì mú afẹ́fẹ́ tutù, gẹ́gẹ́ bí ara wa ti ń tutù nígbà tí òógùn bá ń gbẹ. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo ju gbígbóná lọ, nítorí náà a já wálẹ̀ bí omi tí a dà láti inú garawa. Kò lè wọnú ilẹ̀ lọ, ó di dandan kí ó tàn ká. Èyí tí ó kéré nínú wọn kì í fẹ̀ ju máìlì méjì ààbọ̀ lọ, ó sì lè má pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó rọlẹ̀. Ọkọ̀ òfúrufú tí ó bá wọ inú rẹ̀ a kọ́kọ́ pàdé ẹ̀fúùfù tí ó dojú kọ ọ́, a sì fò sókè. Awakọ̀ a rò pé agbára ti pọ̀ jù, a dín in kù. Ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sí i, ẹ̀fúùfù a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti òkè, kí ó sì tó mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, ẹ̀fúùfù ti bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀fúùfù ẹ̀yìn kì í ran irú ọkọ̀ báyìí lọ́wọ́ bí ó ti ń ran ọkọ̀ ojú omi onígbòkun. Ìyẹ́ rẹ̀ kò rí afẹ́fẹ́ tí ó tó láti gbé e mọ́.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1975, èyí tí ó pé ọdún 19 géérégé sí ọjọ́ Kánò, ọkọ̀ Boeing 727 kan ti ilé iṣẹ́ Eastern fẹ́ balẹ̀ ní New York nínú òjò. Ọ̀rọ̀ kò sọnù ní ọjọ́ náà. A sọ ọ́, kò kàn mú ẹnikẹ́ni dúró ni. Awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ó ti balẹ̀ ké lórí rédíò pé kí wọ́n yí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ padà. Ọkọ̀ mìíràn gbìyànjú, apá rẹ̀ kò ká a, ó padà sókè. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó wà níwájú ẹni tí ń darí ọkọ̀ kò fi ewu hàn, àwọn ọkọ̀ sì ń tò bọ̀ sí ojú ọ̀nà kan náà. Ènìyàn 113 ni ó kú nínú 124.

Ilé iṣẹ́ náà ni ó pe Fujita. Ó kó àkọsílẹ̀ gbogbo ọkọ̀ tí ó gba ibẹ̀ kọjá ní ìrọ̀lẹ́ náà jọ, ó sì sọ pé ohun tí ó rí nínú igbó ni ó bì í ṣubú. Ó sọ ọ́ ní downburst. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní ẹ̀fúùfù àjábọ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà. Wọ́n ní ẹ̀fúùfù lásán tí gbogbo ayé ti mọ̀ ni ó fún ní orúkọ tuntun. Kò bá wọn fa ọ̀rọ̀ gùn; ó gbé ẹ̀rọ rédà lọ sí àyíká Chicago ní ọdún 1978, ní ọjọ́ 42 ó sì ti rí nǹkan bí 50 irú rẹ̀. Ní Denver ní ọdún 1982, òun àti àwọn mìíràn rí èyí tí ó ju 150 lọ. Nínú ọdún 1982 kan náà, ọkọ̀ kan já bọ́ sórí ilé ní ẹ̀bá New Orleans, ó pa ènìyàn 153. Ní ọdún 1985 òmíràn ṣubú ní Dallas, ó pa èyí tí ó ju 130 lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba Amẹ́ríkà wá pàṣẹ kí ọkọ̀ ní ẹ̀rọ tí yóò máa kìlọ̀, wọ́n sì gbé rédà pàtàkì sí ẹ̀bá àwọn pápá ọkọ̀ òfúrufú ńlá. Láti oṣù keje ọdún 1994, nígbà tí ọkọ̀ kan pa ènìyàn 37 ní Charlotte, ẹ̀fúùfù yìí kò tún bi ọkọ̀ èrò kankan ti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wọn ṣubú ní ilẹ̀ náà.

Ní ilẹ̀ tiwa ńkọ́? Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kejìlá ọdún 2005, ọkọ̀ Sosoliso láti Àbújá fẹ́ balẹ̀ ní Port Harcourt nínú òjò àti ẹ̀fúùfù tí ń yí kiri. Àwọn olùwádìí sọ pé awakọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ láìtíì rí ojú ọ̀nà; wọ́n tún kọ ọ́ pé iná pápá náà kò tàn, àti pé ọkọ̀ náà kọlu gọ́tà oníkọnkéré kan. Ènìyàn méjì péré ni ó yè nínú 110. Ọgọ́ta nínú àwọn tí ó kú jẹ́ ọmọ ilé ìwé Loyola Jesuit tí wọ́n ń lọ sílé fún Kérésìmesì. Kò pé ọdún kan, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2006, ọkọ̀ ADC gbéra ní Àbújá nínú ìjì, ó sì ṣubú. Sultan Sókótó, Muhammadu Maccido, wà nínú àwọn tí ó bá a lọ. Ìwádìí sọ pé awakọ̀ mọ̀ pé ojú ọjọ́ kò dára, síbẹ̀ ó gbéra, kò sì ṣe ohun tí a kọ́ awakọ̀ láti ṣe bí ẹ̀fúùfù bá yí.

Ẹ wo ọ̀nà tí ó wà láàárín ìdájọ́ méjèèjì. Ní ọdún 1956 kò sí ẹni tí ó lè mọ̀. Ní ọdún 2006 ìmọ̀ náà ti wà nínú ìwé fún ọgbọ̀n ọdún, ó ti ní orúkọ, a sì ń kọ́ awakọ̀ ní ohun tí yóò ṣe sí i. Fujita fúnra rẹ̀ ti kú ní ọdún 1998. Ní ọdún 2013 àwọn àlùfáà Jesuit ṣí ilé ìwé kan ní ẹ̀bá Port Harcourt, ní ìrántí àwọn ọgọ́ta ọmọ náà.