Ẹnu Ogójì, Ojú Mélòó?

Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023, David Grusch jókòó níwájú ìgbìmọ̀ kan ní ilé aṣòfin Amẹ́ríkà. Ó búra, ó ní ó ti pẹ́ tí ìjọba ti ń ṣa àwókù ọkọ̀ òfuurufú tí kì í ṣe ọwọ́ ọmọ aráyé ló ṣe é, tí wọ́n sì ń fi í pa mọ́ fún àwọn aṣòfin.

Ipò ọkùnrin náà ni ọ̀pọ̀ ń tẹnu mọ́ látìgbà náà. Ọ̀gágun òfuurufú ni tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló ṣe, ó sì bá ẹgbẹ́ tí Pentagon yàn sórí ọ̀rọ̀ yìí ṣiṣẹ́. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ á wá máa purọ́? Ẹ jẹ́ ká fi irọ́ sílẹ̀ ná. Olóòótọ́ náà lè ru ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe òótọ́ wá sọ́jà láìmọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi mọ ìbéèrè tó kàn: ta ló fojú rí i? Grusch kò sọ pé òun rí i. Ó ní òun fọ̀rọ̀ wá ènìyàn tó lé ní 40 lẹ́nu wò láàárín ọdún mẹ́rin. David Fravor tó jókòó pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ náà yàtọ̀. Òun ló wa ọkọ̀ òfuurufú ogun lọ́dún 2004, tó rí nǹkan funfun kan lójú òkun nítòsí California. Ohun tó rí ló sọ. Àwọn oníròyìn kó ẹ̀rí méjèèjì sínú àpò kan náà, èyí kò sì dáa rárá.

Ẹni tó bá ti gba ìtàn ìlú lẹ́nu àgbà á mọ ewu tó wà nínú ogójì yẹn. Tí ogójì àgbà bá sọ ìtàn kan náà, a ó bi ọ̀kọ̀ọ̀kan pé ibo lo ti gbọ́ ọ? Bó bá jẹ́ agboolé kan ni gbogbo wọn ti gbọ́ ọ, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo la ní. Ohun tí AARO, ẹ̀ka Pentagon tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà, fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ nìyẹn ní oṣù Kẹta 2024: àwọn ènìyàn díẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún ara wọn, kò sì sí ẹ̀rí.

Àmọ́ Pentagon ló ń ṣèdájọ́ Pentagon o! Wọ́n sì ti parọ́ rí. Ní Roswell lọ́dún 1947, wọ́n ní bàlúùnù ojú ọjọ́ ló já. Ìgbà tó di 1994 ni wọ́n tó sọ pé ó jọ pé ti Mogul ni, iṣẹ́ àṣírí tí wọ́n fi ń ṣọ́ ìdánwò bọ́ǹbù átọ́míìkì àwọn ará Soviet láti òkè. Àṣírí wà níbẹ̀ lóòótọ́, kì í ṣe ti ará ọ̀run ni.

Bí mo ṣe ń wo ti Grusch náà nìyẹn. Ohun tí olùbẹ̀wò àgbà àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sọ pé ó ṣeé gbà gbọ́, tó sì jẹ́ kánjúkánjú, nínú ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún aṣòfin. Kò sọ pé ọkọ̀ àjèjì wà. Lópin ọdún 2023, òfin pàṣẹ pé kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba kó ìwé wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ibi ìkówèépamọ́ àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Èmi, ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.