Ààlà Ìpínlẹ̀ Ń Yí, Wákáfù Kì í Yí: Ìtàn Ilẹ̀ Mọ́sálásí àti Ẹ̀tọ́ Ayálégbé ní Kàdúná

  

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú Islam, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ nínú oṣù alápọ̀n-ọ́nlé yìí. Ọ̀pọ̀ nínú yín tí ń kírun ní Trikania àti ní Kakuri ni ó mọ ẹni tí ó kọ́ mọ́sálásí àdúgbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá bi yín pé orúkọ ta ni ó wà lórí ìwé ilẹ̀ náà, ẹni mélòó ni yóò lè dáhùn?

1. Kí ni à ń pè ní wákáfù?

Wákáfù ni kí ènìyàn dá ohun ìní rẹ̀ dúró nítorí Ọlọ́hun, kí àwọn ènìyàn máa jẹ àǹfààní rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì lè sọ ọ́ di tirẹ̀ mọ́. Nígbà tí Sayyidina Umar ọmọ Khattab ní ilẹ̀ ní Khaybar, ó tọ Ànábì (kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a) lọ fún ìmọ̀ràn. Ànábì tọ́ ọ sọ́nà pé kí ó dá ilẹ̀ náà dúró, kí ó sì máa fi èso rẹ̀ ṣe sàráà. Umar ṣe bẹ́ẹ̀, pé a kò ní tà á, a kò ní fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, a kò sì ní pín in ní ogún. Ẹ kíyè sí i pé kò fi mọ sí ọ̀rọ̀ ẹnu: wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì yan ọmọ rẹ̀ obìnrin, Hafsa, láti máa mójú tó o lẹ́yìn òun.

Umar yìí kan náà ni ó kọ̀ láti pín ilẹ̀ oko Iraq fún àwọn jagunjagun nígbà tí Mùsùlùmí ṣẹ́gun níbẹ̀. Ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n bá lórí rẹ̀, kí wọ́n máa san owó ilẹ̀ tí à ń pè ní kharaj, kí àwọn tí a kò tíì bí lè rí jẹ nínú rẹ̀. Ìjọba yí padà, ṣùgbọ́n a kò lé ẹni tí ń ro ilẹ̀ kúrò.

2. Ìlà tí wọ́n fà láàrin wa

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kéde ìjọba Àríwá. Ìlà tí wọ́n fà fi Ìlọrin àti Ọ̀ffà sí Àríwá, ó sì fi Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìkìrun sí Gúúsù, bẹ́ẹ̀ èdè kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Ní ọdún 1917, olú-ìlú Àríwá kúrò ní Zungeru wá sí Kàdúná, lórí ilẹ̀ tí àwọn Gbagyi ti ń dáko tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ rélùwéè, òwò, àti ilé-iṣẹ́ aṣọ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Kakuri ní ọdún 1957 fa àwọn ènìyàn wá láti ìhà méjèèjì ìlà náà.

Òfin ilẹ̀ Àríwá ti ọdún 1962 pín ènìyàn sí ọ̀nà méjì: ọmọ Àríwá àti àlejò. Bí ọmọ Ọ̀ffà àti ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bá jọ dé Kàdúná ní ọjọ́ kan, tí wọ́n jọ ń kírun lẹ́yìn lèmọ́mù kan, ọmọ ilé ni wọ́n ka ti Ọ̀ffà sí, àlejò ni wọ́n ka ti Ògbómọ̀ṣọ́ sí. Àlejò kò sì ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ láìgba àṣẹ ìjọba.

Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967, ìjọba Gowon pín Àríwá sí ìpínlẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀ffà bọ́ sí ìpínlẹ̀ tí a wá mọ̀ sí Kwara, Kàdúná sì di olú-ìlú ìpínlẹ̀ Àríwá Àárín Gbùngbùn. Ọmọ Ọ̀ffà tí ó sùn ní ọmọ Àríwá jí, ó bá ara rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ ẹlòmíràn. Ní ọdún 1976, orúkọ yí padà sí Ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ní ọdún 1987, Katsina yà kúrò lára rẹ̀. Mọ́sálásí kò kúrò lójú kan, ṣùgbọ́n ìjọba tí ó ni ìwé ilẹ̀ rẹ̀ ń yí.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ orúkọ lásán ni. Nígbà tí ogun abẹ́lé parí ní ọdún 1970, ọ̀pọ̀ ọmọ Ígbò padà sí àwọn ìlú Àríwá, wọ́n bá ilé wọn, wọ́n sì gba owó háyà tí a ti bá wọn kó pamọ́. Ní Port Harcourt, tí ó ti bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Rivers tuntun, ọ̀pọ̀ ilé wọn ni a pè ní ohun ìní tí olówó rẹ̀ pa tì. Ìhà tí ilé wà lára ààlà ni ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀.

3. Òfin ọdún 1978 àti ìdájọ́ Maliki

Òfin Lílo Ilẹ̀ tí ó jáde ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ gómìnà rẹ̀, kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Òfin yìí kò pín wa sí ọmọ ilé àti àlejò. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ ni ó kù sí wa lọ́wọ́. Bí a bá fẹ́ gbé ẹ̀tọ́ náà fún ẹlòmíràn, a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Ìjọba sì lè gbà á padà fún àǹfààní ìlú, kí ó san owó ohun tí a kọ́ sórí rẹ̀.

Ǹjẹ́ ẹni tí kò ni ilẹ̀ lè ṣe wákáfù? Nínú ìwé Mukhtasar ti Khalil, tí àwa ọmọlẹ́yìn Maliki ń lò, ẹni tí ó háyà ohun kan lè fi àǹfààní tí ó háyà ṣe wákáfù. Ṣùgbọ́n bí ìgbà háyà náà bá pé, wákáfù náà parí. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ jẹ́ kí ìwé ilẹ̀ mọ́sálásí kú sí wa lọ́wọ́.

Ó ku àwọn tí wọ́n háyà yàrá nínú ilé wákáfù. Ìyípadà alámòójútó tàbí ti ìjọba kò tú àdéhùn wọn ká. Ọlọ́hun pa á láṣẹ nínú Suratul Ma'idah pé kí a mú àdéhùn ṣẹ. Alámòójútó tí ó bá lé ayálégbé jáde kí ìgbà rẹ̀ tó pé ti fi ohun tí a yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́hun ṣe àbòsí.

Lẹ́yìn rògbòdìyàn ọdún 2000, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó kúrò ní ìhà gúúsù odò Kàdúná, ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì sì kó kúrò ní ìhà àríwá. Kò sí ìpínlẹ̀ tuntun kankan, ṣùgbọ́n ààlà wọ àárín ìlú. Ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé jámáà tí ó kó lọ kò kó wákáfù lọ. Lọ́dọ̀ Maliki, a kì í ta ilẹ̀ wákáfù nítorí pé ó ti di ahoro, àfi bí a bá nílò rẹ̀ láti fẹ mọ́sálásí Jímọ̀, ọ̀nà tàbí itẹ́ òkú lójú.

4. Kí ni kí á ṣe?

Àkọ́kọ́, ẹni tí ó bá ṣe wákáfù gbọ́dọ̀ yọwọ́ kúrò nínú rẹ̀, kí ó gbé e fún alámòójútó kí àìsàn ikú tó dé. Lọ́dọ̀ Maliki, bí ó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi kú, ogún ni.

Èkejì, kí ìwé wà ní orúkọ ẹgbẹ́ tí a fi orúkọ àwọn alámòójútó rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ tí ó wà ní orúkọ Alhaji kan, òun tàbí àwọn ajogún rẹ̀ ni owó náà yóò tọ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ ti àwùjọ, òfin ọdún 1978 gbà kí a san án fún àwùjọ.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn alámòójútó pọ̀, kí ẹ̀dà ìwé sì wà ní ibi púpọ̀. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Ẹ̀yin ará mi, ìlà tí ìjọba fà kọ́ ni ó ń pa wákáfù. Àìkọsílẹ̀ wa ni. Kí Ramadan yìí tó parí, ẹ béèrè ìwé ilẹ̀ mọ́sálásí yín, kí ẹ fi ojú ara yín rí i. Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ wa, kí Ó jẹ́ kí sàráà àwọn tí wọ́n ti ṣáájú wa máa ṣàn dé sàréè wọn. Àmín.