Ọjọ́ 27 Oṣù Kẹjọ 1991 ní Ilẹ̀ Okun

Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹjọ, ọdún 1991, Ọ̀gágun Ibrahim Babangida kéde ìpínlẹ̀ tuntun mẹ́sàn-án. Ìpínlẹ̀ 21 tí Nàìjíríà ní tẹ́lẹ̀ di 30. Kogí wà lára àwọn tuntun náà, Lọ́kọ́jà sì ni olú-ìlú rẹ̀. Ọmọ Kwara ni àwọn ará Kàbà nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà mọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti di ọmọ Kogí. Ọjọ́ náà gan-an ló pé ọdún mẹ́fà tí Babangida gbàjọba lọ́wọ́ Muhammadu Buhari.

Ìpín tí wọ́n pín lọ́jọ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láyé àwọn òyìnbó, Kàbà kì í ṣe orúkọ ìlú nìkan, orúkọ odindi ẹkùn ni. Nínú Ẹkùn Kàbà ni Okun (àwọn Yorùbá tí ará Kàbà wà lára wọn), Ẹ̀bìrà, Ígálà àti àwọn ará Koton Karfe jọ wà. Nígbà tí Yakubu Gowon dá ìpínlẹ̀ 12 sílẹ̀ ní ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún, 1967, ó so Ẹkùn Kàbà pọ̀ mọ́ Ẹkùn Ìlọrin, wọ́n sì di ìpínlẹ̀ kan, èyí tí a wá ń pè ní Kwara lẹ́yìn náà. Ní oṣù Kejì 1976, ìjọba Murtala Muhammed yọ Ígálà kúrò níbẹ̀, ó fi í sínú Benue. Ohun tí Babangida ṣe ní 1991 ni pé ó mú Ígálà padà láti Benue, ó mú Okun àti Ẹ̀bìrà láti Kwara, ó sì kó wọn sábẹ́ òrùlé kan. Lójú tèmi, Ẹkùn Kàbà àtijọ́ ló jí dìde, àmọ́ orúkọ Kàbà kò bá a jí. Ọ̀rọ̀ Hausa tó túmọ̀ sí odò ni wọ́n fi sọ ọ́, nítorí pé Lọ́kọ́jà ni Odò Ọya àti Odò Benue ti pàdé.

Kwara pàdánù ilẹ̀ lápá méjì lọ́jọ́ náà: bí Okun àti Ẹ̀bìrà ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni apá kan Bọ̀rgú ń lọ sí ìpínlẹ̀ Niger.

Owé tó ni Kàbà, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ni à ń pè ní Okun, láti ara ìkíni tí gbogbo wọn jọ ń kí. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n. Ní Kwara, wọ́n wà láàárín Ìgbómìnà àti àwọn Yorùbá mìíràn. Ní Kogí, Ígálà pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì. Lóòótọ́, Lọ́kọ́jà sún mọ́ Kàbà ju Ìlọrin lọ, ẹni tó ní ìwé láti tẹ̀ lé ní ọ́fíìsì ìjọba kò ní rin ìrìn jíjìn mọ́. Ṣùgbọ́n ìkéde kan náà tó fún àwọn ará Ọ̀ṣun ní ìpínlẹ̀ tó jẹ́ ti Yorùbá ló mú Okun kúrò láàárín Yorùbá. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dunni.

Ọ̀gágun Danladi Zakari ló kọ́kọ́ ṣe gómìnà Kogí. Abubakar Audu, ọmọ Ígálà, gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1992 lẹ́yìn ìdìbò. Nínú àwọn gómìnà tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀, Ígálà ni Ibrahim Idris àti Idris Wada. Ẹ̀bìrà ni Yahaya Bello àti Usman Ododo. Ọmọ Okun tó jókòó sórí àga náà ni Clarence Ọláfẹ́mi, olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, tó ṣe adelé gómìnà fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní 2008 nígbà tí ilé ẹjọ́ fagi lé ìbò tó gbé Ibrahim Idris wọlé. Wọ́n tún ìbò dì, Idris sì padà sípò.