Guido Henckel von Donnersmarck, Ọlọ́rọ̀ Ilẹ̀ Silesia

Orúkọ ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé má jẹ́ kí ó bà yín lẹ́rù. Guido Henckel von Donnersmarck ni. Bí a bá tú Donnersmarck sí èdè tiwa, Ọjà Ọjọ́bọ̀ ni. Ìlú kékeré kan tí wọ́n ń ná ọjà rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ni ìdílé náà ti mú orúkọ yìí. Ẹ rí i pé kì í ṣe àwa nìkan ni à ń fi ọjọ́ ọjà pe ìlú!

Ìlú Breslau ní ilẹ̀ Silesia ni wọ́n ti bí i ní 1830, lábẹ́ ọba Prussia. Baba ńlá wọn, Lazarus Henckel, ti yá àwọn ọba ìdílé Habsburg lówó láti fi bá àwọn Tọ́kì jagun, ibẹ̀ ni ilẹ̀ Silesia sì ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Èédú àti síǹkì ló kún abẹ́ ilẹ̀ náà. Ẹ wo páànù orí ilé yín: irin ni, ṣùgbọ́n síǹkì ni wọ́n fi bò ó kí ó má baà dípẹtà. Guido kò tíì ju ọmọ ọdún 18 lọ nígbà tí baba rẹ̀ fi gbogbo ọrọ̀ yìí lé e lọ́wọ́ ní 1848. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò láti wa èédú náà, èdè Polandi ni wọ́n ń sọ. Jámánì ni ọ̀gá wọn ń sọ. Ìtàn kò dárúkọ wọn, ṣùgbọ́n òógùn wọn ló di owó tí a ń sọ yìí.

Guido fẹ́ràn ìlú Paris púpọ̀. Níbẹ̀ ni ó ti pàdé obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní La Païva, ọmọ ahunṣọ tí wọ́n bí ní Moscow. Wọ́n kọ́ ilé kan sí òpópó Champs-Élysées tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Òkúta oníyẹ̀yẹ̀ tí ń dán ni wọ́n fi ṣe àtẹ̀gùn rẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé Faransé ń wá jẹun níbẹ̀, wọ́n a sì padà sílé lọ kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn nípa ẹni tó gbà wọ́n lálejò.

Ní 1870 ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Faransé àti Prussia. Bismarck fi Guido ṣe alákòóso ní Metz, ilẹ̀ Faransé tí wọ́n ti gbà. Nígbà tí Faransé túúbá ní 1871, wọ́n ní kí ó san owó ìtánràn ogun. Èló? Bismarck ránṣẹ́ pe ẹni méjì tó mọ owó: Bleichröder, ayánilówó Berlin, àti Guido wa yìí. Ẹ rò ó wò: ẹni tó ti ń bá àwọn ará Paris jẹ, tó ń bá wọn mu, òun ni wọ́n pè kí ó wá sọ bí àpò wọn ti jìn tó. Mílíọ̀nù 6,000 fránǹkì ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Mílíọ̀nù 5,000 ni wọ́n fi gbà. Àwọn ọmọ-ogun Jámánì kò ní kúrò nílẹ̀ Faransé títí owó náà yóò fi pé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Faransé kò ní lè san án láéláé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Faransé ní kí àwọn ènìyàn wá yá òun lówó ní 1872, èyí tí wọ́n mú wá ju ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí ó béèrè lọ. Ní oṣù September 1873, owó ti pé, ọmọ-ogun sì ti lọ.

Guido fẹ́ La Païva ní 1871, ó sì kọ́ ààfin fún un ní Neudeck, ní Silesia. Ibẹ̀ ni obìnrin náà kú sí ní 1884. Guido fẹ́ ìyàwó mìíràn, ó bímọ, ó gba oyè ọmọ-aládé ní 1901, ó sì dá ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ṣẹ́dà àtọwọ́dá sílẹ̀. Ní 1913, ọrọ̀ rẹ̀ ju mílíọ̀nù 250 máàkì lọ. Ní gbogbo Prussia, Bertha Krupp nìkan ni wọ́n ní ó jù ú lọ.

Ogun ńlá mìíràn tún dé ní 1914. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń ti ojú ogun bọ̀ láìlẹ́sẹ̀, láìlápá. Ní 1916, Guido yọ̀ǹda ilẹ̀ ní Frohnau, lẹ́bàá Berlin, àti owó, kí wọ́n fi tọ́jú wọn. Ní oṣù December ọdún náà ni ó kú, ẹni ọdún 86. Ààfin Neudeck jóná ní 1945, wọ́n sì wó èyí tí ó kù lẹ́yìn náà. Orílẹ̀-èdè Poland ni ilẹ̀ náà wà lónìí. Ẹgbẹ́ ìtọ́jú tí ó dá sílẹ̀ ṣì wà ní Berlin, ó ń ran àwọn aláàbọ̀ ara lọ́wọ́.