Ìsọ̀rí Ọ̀rọ̀ àti Gbólóhùn Yorùbá: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Gírámà láti Odò Ọya dé Hanwa

1.0 Ìfáàrà

Ó lé ní ọgọ́sàn-án ọdún báyìí tí a ti ń kọ gírámà èdè Yorùbá sínú ìwé. Síbẹ̀, bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì léèrè ohun tí ọ̀rọ̀-orúkọ jẹ́, èsì tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé orúkọ ènìyàn, ẹranko, ibìkan tàbí nǹkan ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe ní tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ ohun tí ènìyàn ṣe. Ọ̀rọ̀-àpèjúwe sì ni èyí tí ó ń sọ bí nǹkan ti rí. Inú ìwé gírámà Gẹ̀ẹ́sì ni a ti ṣa àwọn oríkì wọ̀nyí. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni láti tọpasẹ̀ ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ọ̀dọ̀ wa, kí a sì fi hàn pé wọn kò tó láti fi kọ́ ọmọ Yorùbá ní gírámà èdè rẹ̀.

Hanwa ní Zaria ni a ó ti dúró wo ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀kan nínú àwọn wọ́ọ̀dù ìjọba ìbílẹ̀ Sabon Gari, ní ìpínlẹ̀ Kaduna, ni Hanwa. Ìjọba ìbílẹ̀ yìí kan náà ni Samaru wà, níbi tí a tẹ Yunifásítì Ahmadu Bello dó sí ní 1962. Láti ìgbà tí ọ̀nà rélùwéè ti so Èkó pọ̀ mọ́ Kánò ní 1912 ni Zaria ti di ibi tí oníṣòwò, akọ̀wé, òṣìṣẹ́ rélùwéè àti olùkọ́ tí ó jẹ́ ọmọ Yorùbá ń fi ṣe ibùgbé. Ọmọ Yorùbá tí ó bá dàgbà ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ń gbọ́ Yorùbá nílé, ó ń gbọ́ Haúsá ní ìgboro, ó sì ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì. Bí ó bá jẹ́ Mùsùlùmí, yóò tún bá Lárúbáwá pàdé ní ilé-kéwú. Nǹkan tí ó lè fara sin fún olùkọ́ ní Ìbàdàn tàbí Oǹdó kì í fara sin níbi tí èdè mẹ́rin ti ń forí gbárí lẹ́nu ọmọ kan ṣoṣo.

2.0 Gírámà Kí Ìwé Gẹ̀ẹ́sì Tó Dé

Ẹ̀kọ́ gírámà kì í ṣe àjèjì ní Zazzau tàbí ní Ìlọrin kí àwọn òyìnbó ajíhìnrere tó dé. Ní ọ̀dọ̀ àwọn máálàm àti àwọn àfáà, gírámà Lárúbáwá wà lára ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ́ lẹ́yìn tí ó bá ti parí Kùránì. Ọ̀pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó ń fi ìwé kékeré Ibn Ajurrum ti ìlú Fez, ẹni tí ó kú ní 1323, bẹ̀rẹ̀. Abdullahi ọmọ Fodio, àbúrò Usman tí ó ṣe olórí Jìháàdì 1804, kọ ìwé lórí gírámà Lárúbáwá fúnra rẹ̀.

Ìsọ̀rí mẹ́ta péré ni àwọn onígírámà Lárúbáwá pín ọ̀rọ̀ sí láti ayé Sibawayhi ní ọ̀rúndún kẹjọ: ism, fi'l àti harf. Abẹ́ ism ni ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ọ̀rọ̀-orúkọ, arọ́pò-orúkọ àti ọ̀rọ̀-àpèjúwe wà. Àwọn ará Gíríkì ní tiwọn pín ọ̀rọ̀ sí ọ̀nà mẹ́jọ. Nígbà tí àwọn ará Róòmù gba ètò náà, wọ́n yọ ìsọ̀rí kan kúrò nítorí pé kò sí nínú èdè Látìn, wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ kí iye náà má baà yẹ̀. Ọ̀rọ̀-àpèjúwe kò dá dúró nínú ètò yìí. Abẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ ni ó wà. Kò ju nǹkan bí ọ̀rúndún kejìdínlógún lọ tí àwọn onígírámà Gẹ̀ẹ́sì fi yà á sọ́tọ̀ pátápátá.

Ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé iye ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ kì í ṣe ohun tí ó bọ́ láti ojú ọ̀run. Ẹni tí ó ń ṣe gírámà ni ó ń pín ọ̀rọ̀, ó sì yẹ kí ó jẹ́ pé ìrísí èdè tí ó wà níwájú rẹ̀ ni yóò tẹ̀ lé.

3.0 Ọkọ̀ Kan, Èdè Méjì

Ní 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta, Albert, Wilberforce àti Soudan, lọ sí Odò Ọya. Ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS fi ènìyàn méjì kún àwọn tí ń lọ. Ọ̀kan ni James Frederick Schön, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tí ó ti ń kọ́ Haúsá lẹ́nu àwọn ẹrú tí a dá sílẹ̀ ní Sàró. Èkejì ni Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, tí a kó lẹ́rú ní 1821. Ibà pa ọ̀pọ̀ òyìnbó nínú ìrìn-àjò náà, àwọn ọkọ̀ sì padà láìṣe ohun tí wọ́n torí rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìrìn-àjò náà so èso kan. Ní 1843, ìwé méjì jáde. Crowther tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá, Schön tẹ ti Haúsá, kálukú sì fi àlàyé gírámà sí tirẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n jọ la ibà Odò Ọya kọjá ni wọ́n ṣí ilẹ̀kùn gírámà fún èdè méjì tí wọ́n jọ ń gbé Hanwa lónìí.

Lóòótọ́, John Raban ti ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá ní Sàró láàrin 1830 sí 1832. Ṣùgbọ́n Crowther ni ọmọ Yorùbá àkọ́kọ́ tí ó jókòó ti èdè abínibí rẹ̀ láti kọ gírámà rẹ̀. Ní 1852 ó tẹ gírámà náà ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́. Bíṣọ́ọ̀bù Vidal ti Sàró ni ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú fún ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ ní ọdún kan náà. Schön tẹ gírámà Haúsá tirẹ̀ ní 1862, lẹ́yìn tí Dorugu àti Abbega, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí Heinrich Barth mú lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní 1858, T. J. Bowen, ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi ará Amẹ́ríkà, ti tẹ gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá mìíràn jáde ní Amẹ́ríkà.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn tí a kọ ìwé wọ̀nyí fún. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ wọ́n, àwọn ajíhìnrere àti òṣìṣẹ́ tí ó ti mọ gírámà Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó fojú kan Yorùbá ni wọ́n sì wà fún. Irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀ fẹ́ mọ ohun tí Yorùbá ní tí ó dúró fún ọ̀rọ̀-àpèjúwe tirẹ̀. Fún un, títo ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ìsọ̀rí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ìrànlọ́wọ́. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a gbé ètò kan náà wọ kíláàsì ọmọ Yorùbá, ẹni tí ó ti ń sọ èdè náà láìṣì í kí ó tó mọ ABD. Ohun tí a ṣe láti fi mú àlejò wọlé ni a fi ń kọ́ onílé bí a ti ń rìn nínú ilé rẹ̀.

4.0 Àwọn Onímọ̀ Ẹ̀dá-Èdè

Ọgọ́rùn-ún ọdún kọjá kí àyípadà gidi tó dé. Ida Ward, nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1952, fi ohùn sí ipò tí ó yẹ ẹ́. R. C. Abraham, ẹni tí ó ti tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Haúsá ní 1949, tẹ ti Yorùbá ní 1958. Ìsaac Délànọ̀ tẹ gírámà tirẹ̀ ní 1965.

Ní 1966 ni Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ gírámà tí ó fi tíọ́rì ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè òde òní tú gbólóhùn Yorùbá palẹ̀: láti orí gbólóhùn dé awẹ́ gbólóhùn, láti orí awẹ́ gbólóhùn dé àpólà, kí ó tó kan ẹyọ ọ̀rọ̀. Ní 1978, Ọládélé Awóbùlúyì tẹ tirẹ̀, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń ṣe nínú gbólóhùn ni a ó fi mọ ìsọ̀rí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ méjèèjì kò fohùn ṣọ̀kan lórí ohun gbogbo. Títí di òní ni àríyànjiyàn ń lọ lórí ohùn òkè tí ó máa ń jẹyọ láàrin olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe nínú gbólóhùn bí i Ọmọ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti pàdé ni pé inú èdè Yorùbá gan-an ni ẹ̀rí gbọ́dọ̀ ti wá.

5.0 Ohun tí Gbólóhùn Fi Hàn

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ kan tí ó kéré gan-an ṣe àpẹẹrẹ. Ìsọ̀rí wo ni ga wà? Bí ìtumọ̀ ni a ó tẹ̀ lé, a ó ní ọ̀rọ̀-àpèjúwe ni, nítorí pé ó ń sọ bí ènìyàn ti rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

(1) a. Adé ga.
b. Adé yóò ga.
d. Adé ti ga.
e. Gíga ni Adé ga.

(2) a. Adé lọ.
b. Adé yóò lọ.
d. Adé ti lọ.
e. Lílọ ni Adé lọ.

Gbogbo ibi tí lọ ti jẹyọ ni ga náà ti jẹyọ. Yóò àti ti ń ṣáájú àwọn méjèèjì. A lè ṣe àpètúnpè ẹlẹ́bẹ fún àwọn méjèèjì láti sọ wọ́n di ọ̀rọ̀-orúkọ. Bí lọ bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, kò sí ìdí tí ga kò fi ní jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe.

Níhìn-ín ni ọmọ Hanwa ti wúlò fún wa. Ní Haúsá, ohun tí ó ń gbọ́ ní ìgboro ni:

(3) a. Audu dogo ne.
b. Aisha doguwa ce.

Dogo ń yí padà di doguwa nítorí pé obìnrin ni Aisha, ne náà sì di ce. Ọ̀rọ̀-àpèjúwe ni dogo lóòótọ́: ó ń bá ọ̀rọ̀-orúkọ rìn ní jíjẹ́ akọ tàbí abo, kò sì lè dá dúró ṣe kókó gbólóhùn láìní ne tàbí ce. Gẹ̀ẹ́sì náà ń fẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn kí gbólóhùn irú rẹ̀ tó dúró. Yorùbá nìkan ni kò fẹ́ ohunkóhun mọ́ Adé àti ga. Ọmọ tí olùkọ́ bá ti kọ́ pé ọ̀rọ̀-àpèjúwe ni ga kò rí ohun tí yóò fi ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà. Èyí tí a kọ́ pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni yóò rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Èyí kò sọ pé kò sí ọ̀rọ̀ tí ń yán ọ̀rọ̀-orúkọ ní Yorùbá. A ní ọmọ rere, ṣùgbọ́n a kò ní *ọmọ náà rere. Dára ni gbólóhùn ń fẹ́ níbẹ̀. Rere àti dára fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ní ìtumọ̀, síbẹ̀ iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Funfun sì ń ṣe méjèèjì: aṣọ funfun, aṣọ náà funfun. Ìtumọ̀ nìkan kò lè ya àwọn mẹ́ta yìí sọ́tọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú fi nínú Ó fi ọ̀bẹ gé iṣu. Ẹni tí ó bá ń túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì yóò pè é ní ọ̀rọ̀-atọ́kùn. Ṣùgbọ́n a lè sọ pé fífi ọ̀bẹ gé iṣu yá ju fífi ọwọ́ já a lọ. A kò lè ṣe irú àpètúnpè bẹ́ẹ̀ fún sí nínú Ó lọ sí ọjà. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni fi, àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe sì ni gbólóhùn náà. A tún ń sọ èmi àti ìwọ, a kì í sọ *mo àti o. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ya èmi, ìwọ, òun kúrò lára mo, o, ó, tí àwọn kan ń pè wọ́n ní arọ́pò afarajorúkọ, tí àwọn mìíràn sì kà wọ́n kún ọ̀rọ̀-orúkọ.

6.0 Èdè-Ìperí àti Ètò Ẹ̀kọ́

Kí a tó lè kọ́ ọmọ ní gírámà Yorùbá ní èdè Yorùbá, a nílò orúkọ fún ohun tí a ń kọ́. Iṣẹ́ Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Babs Fáfúnwá ṣe agbátẹrù rẹ̀ láti 1970 ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti 1977 fún èdè abínibí ní àyè. Ní 1984, àjọ NERC tẹ ìwé èdè-ìperí Yorùbá kìn-ín-ní, tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀. Èkejì, tí Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní 1990. Láti ibẹ̀ ni olùwà, àbọ̀, àpólà, awẹ́ gbólóhùn àti irú wọn ti fìdí múlẹ̀ nínú ìwé. Bámgbóṣé tẹ ìwé gírámà ní èdè Yorùbá ní 1990, Awóbùlúyì sì tẹ tirẹ̀ ní 2013.

Ìdẹkùn kan wà nínú orúkọ wọ̀nyí. Suna ni Haúsá ń pe ọ̀rọ̀-orúkọ, ìyẹn orúkọ. Aikatau ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀-ìṣe, láti ara aiki, iṣẹ́. Tiwa náà kò yàtọ̀. Ọmọ tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe yóò máa wá ìṣe kiri, kò sì ní rí ìṣe kankan nínú ga, jẹ́, tàbí wà. Orúkọ lásán ni orúkọ; ẹ̀rí inú gbólóhùn ni oríkì.

Ètò ìjọba náà kò dúró lójú kan. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí a fi máa kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n sì dá Gẹ̀ẹ́sì padà sí ipò rẹ̀. Bí àyè Yorùbá ti ń dín kù nínú àkókò ilé-ìwé, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì tó pé kí a má fi ìwọ̀nba tí ó kù kọ́ ọmọ ní gírámà Gẹ̀ẹ́sì tí a wọ láṣọ Yorùbá.

7.0 Ìgúnlẹ̀

A ti rí i pé ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ tí a ń kọ́ ní ilé-ìwé ní ìtàn, àti pé àwọn tí a kọ́kọ́ kọ ọ́ fún kọ́ ni ó ń kọ́ ọ lónìí. Èyí kò bu iṣẹ́ Crowther kù. Ohun tí àkókò rẹ̀ béèrè ni ó ṣe, bí kò bá sì ṣe é, a kì bá tí rí ibi gùn lé. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Ìmọ̀ràn wa fún olùkọ́ ni pé kí ó ti orí gbólóhùn bẹ̀rẹ̀, kí ó tó kan ẹyọ ọ̀rọ̀. Kí ó fún ọmọ ní ohun tí yóò fi dán ọ̀rọ̀ wò, bí i yóò, ti, kò àti àpètúnpè, dípò oríkì tí a há sórí. Àti pé níbi tí ọmọ bá ti ń sọ èdè mìíràn, bí i ti Hanwa, kí olùkọ́ má ka èdè náà sí ọ̀tá. Ọmọ tí ó mọ Audu dogo ne, tí ó sì mọ Adé ga, ti ní ẹ̀kọ́ gírámà méjì lẹ́nu. Ohun tí ó kù fún olùkọ́ ni láti bi í léèrè ohun tí ó tẹ̀ lé dogo nínú gbólóhùn Audu tí kò tẹ̀ lé ga nínú gbólóhùn Adé, kí ó sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀.